Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ l'Óṣogbo níbi tí òṣìṣẹ́ ò ti tó: ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí

Gbogbo ìgbà tí èsì ìdánwò Council, àjọ tó ń fún nọ́ọ̀sì ní láìsẹ́nsì, bá ti jáde, tí ariwo "a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run" bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, tí ẹ ti wọṣẹ́ tán, ìgbà yẹn ni ìbéèrè máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá sórí fóònù mi, ìbéèrè kan náà ni ṣáá, orúkọ ẹni tó ń béèrè ló ń yàtọ̀. Mo ti ṣe ọsibítù àdáni l'Óṣogbo níbí, mo ti ṣe ti ìjọba, torí náà mo ní kí n kó gbogbo ẹ̀ síbì kan kí n lè simi. Àbúrò ni mo ka gbogbo yín sí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo "o". Ẹni tó bá jù mí lọ níbẹ̀ kó jọ̀ọ́ má bínú.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọsibítù àdáni kan, ojoojúmọ́ ni mò ń sunkún kí n tó délé. Àbí èmi ni mi ò mọ iṣẹ́ ni, má?

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀ ná. Nígbà tó o wà ní skúùlù, bóyá Aṣúbíaró lo ti kà á o, bóyá ibòmíì ni, tí wọ́n bá kó yín lọ sí wọ́ọ̀dù, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ti pọ̀ tó, nọ́ọ̀sì àgbà á wà níbẹ̀, mètírọ́nì á jókòó, túútọ̀ náà á tún yọjú wá fi ìbéèrè dẹ́rù bà yín. Ẹnì kan ń wọn BP, ẹnì kan ń kọ ọ́, ẹnì kan ń wá kọ́tìnnì tí wọ́n fẹ́ fà. Ní báyìí ìwọ nìkan ni, ìwọ àti ọ̀gsílíárì kan (olùrànlọ́wọ́ tí kò ní láìsẹ́nsì nọ́ọ̀sì) tó tún ń gbálẹ̀ tó tún ń lọ ra búrẹ́dì fún ọ̀gá, wọ́n wá fún ẹ ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin, ti obìnrin, ti ọmọdé àti yàrá ìbímọ pọ̀. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Iṣẹ́ èèyàn mẹ́rin ni wọ́n gbé fún ẹ, kò parí lásìkò, o wá ní ìwọ lo ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ò ṣòro láti rí. Àwọn tó ti mọwọ́ ẹ̀ ti já lọ sí UK, Kánádà àti Saudi, ìjọba kì í tètè gbà èèyàn dípò àwọn tó lọ, ẹni tó ni ọsibítù àdáni sì mọ̀ pé ọmọ tuntun ò ní béèrè owó ńlá, kò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kó sọ pé "rárá".

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ẹ, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan wà tí o ò tíì mọ̀ lóòótọ́. Bó o ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀ rèé: wo ọjọ́ tí ẹ bá pé méjì sí mẹ́ta ní díútì, tí péṣẹ́ntì ò pọ̀. Tí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ẹrù ló wúwo, kì í ṣe ìwọ. Tó bá jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ilé dákẹ́ pàápàá o ò rí kánnúlà (rọ́bà tín-ín-rín tí dríìpù ń gbà wọnú iṣan) fi sí ara ọmọdé, ó dáa, ìyẹn ṣeé kọ́, wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kó fi hàn ẹ́. Má ṣe kó méjèèjì pọ̀, kí o wá máa pe ara ẹ ní olódo.

Péṣẹ́ntì kún, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Má bẹ̀rẹ̀ láti bẹ́ẹ̀dì kìíní. Ohun tí gbogbo ọmọ tuntun máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n á gbé tírè abẹ́rẹ́, wọ́n á máa gbé e láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní kọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, onítọ̀hún ti ń mí hẹlẹhẹlẹ láti àárọ̀.

Tó o bá ti gba handover tán, ìyẹn ìròyìn péṣẹ́ntì lẹ́nu ẹni tó ń lọ, yí wọ́ọ̀dù ká lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ òfo, bíró àti ìwé pélébé nìkan ni kó wà lọ́wọ́ ẹ. Kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ káàárọ̀ má, ṣé ara ti ń le?" Ìkíni yẹn gan-an, iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá dá ẹ lóhùn ketekete, ọ̀nà èémí ẹ̀ ṣí nìyẹn, orí ẹ̀ sì pé. Ẹni tó ń já ọ̀rọ̀ sí méjì kó tó lè mí, ẹni tó ń bá ẹ ṣeré lánàá tó kàn ń wò ẹ́ lónìí, ẹni tó ń làágùn lábẹ́ fáànù, ẹni tó ń tú aṣọ ara ẹ̀ tó ń sọ ìsọkúsọ, orúkọ àwọn yẹn ni kó o kọ sókè ìwé ẹ pátápátá, ọ̀dọ̀ wọn lo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn wọn, àwọn nǹkan tó ń wọ ara lọ́wọ́, dríìpù, ọ́síjìn, ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti kúrò nínú fíríìjì, kó tó 30 mínìtì ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kó sì tó wákàtí 4 ó gbọ́dọ̀ ti tán. Mínìtì 15 àkọ́kọ́ yẹn, dúró ti péṣẹ́ntì, torí inú ẹ̀ ni rìákṣọ̀n tó burú jù sábà máa ń yọjú. Tó o bá ti mọ̀ pé o ò ní ráàyè dúró, sọ fún dókítà kó o tó gbé e kọ́, má gbé e kọ́ tán kó o wá máa gbàdúrà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oògùn tí kò gbọdọ̀ pẹ́: insulin kí oúnjẹ tó dé, áńtíbáyọ́tíìkì ẹni tí àrùn ti wọnú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, oògùn wárápá, magnesium sulphate fún aláboyún tí gìrì ti mú. Àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti tíátà bọ̀, àti ìyá ọmọ tuntun. Àwọn wọ̀nyí, ṣí aṣọ kó o fojú ara ẹ wo ẹ̀jẹ̀, má kàn bi wọ́n pé ṣé ẹ̀jẹ̀ ń wá, torí ọ̀pọ̀ ìyá á ní "ó wà bẹ́ẹ̀ náà", wọ́n rò pé bó ṣe ń ṣe gbogbo èèyàn nìyẹn. Fọwọ́ tẹ ilé ọmọ wò bóyá ó le.

Kí ló lè dúró? Títẹ́ bẹ́ẹ̀dì lè dúró. Ìwẹ̀ ẹni tó lè dá wẹ̀ lè dúró. Ẹni tó ti di ẹrù ẹ̀ tó ń retí owó láti lọ sílé, BP tiẹ̀ lè dúró. Mètírọ́nì á ní bẹ́ẹ̀dì ò gún, jẹ́ kó sọ ọ́, mi ò tíì rí ẹni tí bẹ́ẹ̀dì tí ò gún pa rí. Ẹni tí kò lè yí ara ẹ̀ padà ni kò lè dúró, wákàtí méjì-méjì ló yẹ kí wọ́n máa yí i, bí o bá sì rí i pé ọwọ́ ẹ ò ní tó o, kọ́ ọmọ ẹ̀ tó ń sùn tì í bí wọ́n ṣe ń ṣe é, sọ aago tó máa ṣe é fún un, kó o padà wá wo ẹ̀yìn ẹ̀ fúnra ẹ.

Ohun kan tó máa ń bí mi nínú, mo sì máa sọ ọ́: ẹ yéé kọ 20 sí iye mímí gbogbo èèyàn! Mo ti ṣí fáìlì tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń mí 20 láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó ní asthma ń mí 20, ẹni tó ń kú lọ ń mí 20. Iye mímí wà lára nǹkan tó máa ń tètè yí padà tí ara bá fẹ́ dojú rú, kí BP tó já wálẹ̀. Mínìtì kan gbáko ni kó o fi kà á. Tó o bá ń wá ibi tó o ti máa gé iṣẹ́ kúrú, má gé e níbẹ̀.

Eré ni mo máa ń fi fún wọn lóògùn, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má lọ gún ẹlòmíì ní ti ẹlòmíì.

Ẹ̀rù yẹn dáa, má jẹ́ kó lọ. L'Óṣogbo tiwa yìí, dúró láàárín wọ́ọ̀dù obìnrin kó o pariwo "Alhaja!" kó o wo iye tó máa dáhùn. Ìyá Ìbejì náà kì í ṣe ẹyọ kan. Torí náà má béèrè pé "ẹ̀yin ni Alhaja, àbí?" torí ẹni tí ara ń ni á sọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí ohunkóhun. "Kí lorúkọ yín má, orúkọ yín àti ti bàbá yín?" Jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, kó o wá fi wé èyí tó wà lórí ṣáàtì. Ẹni tó tọ́, oògùn tó tọ́, ìwọ̀n tó tọ́, ọ̀nà tó tọ́, àsìkò tó tọ́, o ti há a sórí ní skúùlù, kò tíì di ọ̀rọ̀ àtijọ́.

Oògùn èèyàn kan ṣoṣo ni kó o máa fà sínú síríǹjì lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ̀ pé ó máa ń yá tí wọ́n bá fa ti gbogbo wọ́ọ̀dù kalẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n síríǹjì tó tò sórí tírè tí gbogbo ẹ̀ mọ́ gaara bákan náà, ẹnì kan á pè ẹ́ pé dríìpù òun ti tán, kó o tó yíjú padà o ò mọ èwo ni ti ta mọ́.

Àwọn kan wà tí kò sí àṣìṣe kékeré nínú wọn. Potassium chloride, a kì í tì í wọnú iṣan láéláé, inú dríìpù ló ń wà, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń lọ. Insulin, síríǹjì insulin nìkan, ìyẹn tó jẹ́ 100 units ní mílílítà kan. Tí wọ́n bá ní units 10, mílílítà 0.1 péré ni, ẹni tó bá fi síríǹjì lásán fà á tó wá ṣì í kà lè gún ẹnìkan ní ìlọ́po mẹ́wàá. Magnesium sulphate, kó o tó fún aláboyún ní èyí tó kàn, yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ń mí tó 16 ní mínìtì kan, pé orúnkún ẹ̀ ń ta tó o bá fi òòlù kàn án, pé ìtọ̀ ẹ̀ ń tó mílílítà 30 ní wákàtí kan, kí calcium gluconate, tó jẹ́ ẹ̀rọ̀ magnesium yẹn, sì wà nítòsí ẹ. Ọmọdé, ìwọ̀n ara ẹ̀ ni, wọ̀n ọ́n lónìí, má lo èyí tí ìyá ẹ̀ sọ.

Fún dríìpù, ẹ yéé fojú díwọ̀n ẹ̀. Lítà kan fún wákàtí 8 pẹ̀lú giving set (rọ́bà dríìpù) tó ń kán 20 ní mílílítà kan: 1000 lọ́nà 20, pín in sí 480 mínìtì, á fún ẹ ní bíi 42 ní mínìtì kan. Lẹ ìṣirò yẹn mọ́ ẹ̀yìn fóònù ẹ.

Ọ̀gá ní kí ọ̀gsílíárì máa gún abẹ́rẹ́, kí èmi máa sáìn ín. Kí ni kí n ṣe?

Má sáìn ohun tí o ò ṣe. Láìsẹ́nsì ẹ ló wà nídìí sáìnì yẹn, Nursing and Midwifery Council of Nigeria ló fún ẹ, òun náà ló lè gbà á. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé, ọ̀gá tó ní kó o sáìn ò ní rántí pé òun sọ bẹ́ẹ̀, orúkọ ẹ ni wọ́n máa rí nínú fáìlì.

Ṣùgbọ́n má fi ìyẹn bá ọ̀gsílíárì jà o. Ọ̀pọ̀ wọn ti wà níbẹ̀ kó o tó dé, ọ̀pọ̀ jù ẹ́ lọ lọ́jọ́ orí, wọ́n mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, wọ́n mọ nọ́ńbà ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Pè é ní àǹtí. Jẹ́ kó máa bá ẹ wẹ̀ fún péṣẹ́ntì, kó bá ẹ yí wọn padà, kó fún wọn lóúnjẹ, kó ka ìtọ̀, kó máa wá pè ẹ́ tó bá rí nǹkan tí kò yé e. Sọ fún un láìfi ṣe yẹ̀yẹ́ pé "Àǹtí, ẹ bá mi ṣe gbogbo èyí, ti abẹ́rẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún mi, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ àwa méjèèjì ni wọ́n máa mú." Ó máa yé e.

Tí mo bá pe dókítà lóru ó máa ń pariwo mọ́ mi. Mo ti ń bẹ̀rù àtipè.

Àwọn kan á pariwo bó o ṣe wù kó o sọ ọ́, wọ́n bí wọn bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kù, ohun tó ń bí wọn nínú ni pé o jí wọn tán, o wá ní "Sà, ara ìyá yẹn ò balẹ̀ o." Ìyá wo? Kí ló ṣe é? Lo SBAR tí wọ́n kọ́ ẹ: ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó o rí, ohun tó o fẹ́. Ó máa lọ báyìí:

"Ẹ káalẹ́ sà, nọ́ọ̀sì tó wà ní díútì ni. Ìyá tí ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́sàn-án ni mo torí ẹ̀ pè. BP ẹ̀ jẹ́ 120/70 láago mẹ́fà, ó ti di 85/50 báyìí, pulse ẹ̀ 128, bándéèjì ẹ̀ ti rin. Ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà ní inú. Mo ti fún un ní ọ́síjìn, kánnúlà méjì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ máa bọ̀ báyìí."

Gbogbo ẹ̀ ò tó mínìtì kan. Tó bá sọ oògùn fún ẹ lórí fóònù, tún un sọ padà fún un, orúkọ àti ìwọ̀n, kọ aago ẹ̀ sílẹ̀, kí o sì rí i pé ó wá sáìn ín láàárọ̀. Tí kò bá gbé e, kọ gbogbo ìgbà tó o pè é sínú fáìlì, pe mètírọ́nì, pe dókítà míì, pe ọ̀gá tó ni ọsibítù. Tó bá kọjá agbára yín, sọ ọ́ síta pé ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí UNIOSUN Teaching Hospital tàbí ọsibítù ìjọba ní Aṣúbíaró kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí ìtìjú nínú gbígbé péṣẹ́ntì lọ, ìtìjú wà nínú gbígbé e lọ nígbà tó ti bọ́.

Ó máa ń pẹ́ kí n tó kọ nǹkan tán. Ṣé mo lè kọ ọ́ nílé?

Rárá. Kọ ọ́ síbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gùn. Kọ èyí tó o ṣe, kọ èyí tí o ò ráàyè ṣe àti ìdí ẹ̀: "Nọ́ọ̀sì 1, péṣẹ́ntì 19, a ò lè wọn BP aago 2, mètírọ́nì ti gbọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn á dáàbò bò ẹ́ ju BP tó o fọwọ́ dá lọ. BP tí o ò wọ̀n, má kọ ọ́.

Àwọn èèyàn péṣẹ́ntì ń bú mi, wọ́n ní nọ́ọ̀sì ò láàánú.

Wọ́n ti jókòó láti àárọ̀, wọ́n ti ná owó tí wọn ò ní, wọ́n ti ra síríǹjì ra glọ́ọ̀fù ra òwú, ìwọ tó o wọ aṣọ funfun ni wọ́n rí. Owó dípọ́sítì tí ọ̀gá ní kí wọ́n kọ́kọ́ san, ìwọ ni wọ́n rò pé o fẹ́ jẹ ẹ́. Torí náà máa sọ fún wọn kí wọ́n tó béèrè. "Ẹ kú ìnáwó o, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi nìkan ni mo wà lónìí, mo fẹ́ lọ wo ẹnì kan tí kò lè mí dáadáa, tí n bá kúrò níbẹ̀ ọ̀dọ̀ bàbá ni mò ń bọ̀." Gbólóhùn yìí ti pa iná tó pọ̀. Yorùbá fẹ́ kí wọ́n kí òun ná, kí ẹ tó sọ pé kò sí ọ̀nà. Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n ti ń pariwo lo tó rántí sọ ọ́, ó ti pẹ́.

Ti pé kí wọ́n gbá ẹ létí ńkọ́? Jáde níbẹ̀, pe géètì. Má dúró ṣàlàyé fún ẹni tó ti ká apá aṣọ.

Ẹni tó yẹ kó wá gba díútì lọ́wọ́ mi ò wá. Ọ̀gá ní kí n tún ṣe òru. Ṣé mo lè kọ̀?

O ò lè fi péṣẹ́ntì sílẹ̀ láìsí ẹni tó gba handover, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní kí èèyàn pa aláìsàn tì, Council ò sì ní bá ẹ ṣeré nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣíṣe é lẹ́ẹ̀kan yàtọ̀ sí kí ó di rósítà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí ọ̀gá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Ẹ káàárọ̀ sà, mo ṣe ọ̀sán mọ́ òru lánàá torí ẹni tó kàn ò wá, mi ò ní lè wá lọ́sàn-án òní, ẹ jọ̀ọ́ sà." Tẹ́ẹ̀sì ni, má sọ ọ́ lẹ́nu. Tó bá wá di gbogbo ọ̀sẹ̀, o ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́ tó o máa fi jókòó bá a sọ̀rọ̀.

Tó o bá ṣe òru ọ̀hún, ka oògùn sókè kó o tó gún un, torí ojú tó ti rẹ̀ máa ń ka nǹkan tó rò pé ó wà níbẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, má gun ọ̀kadà lọ sílé pẹ̀lú oorun lójú, wọ kórópe, jókòó sínú, tó o bá tiẹ̀ sùn kọjá Ọláìyá lọ dé Old Garage, o ṣáà wà láàyè. Díútì ọ̀sán tó ń tú ká lálẹ́ náà, bi wọ́n léèrè kó o tó gba iṣẹ́ pé báwo ni nọ́ọ̀sì ṣe ń délé, pàápàá tó o bá ń gbé ọ̀nà jíjìn bí ẹ̀yìn Òkè-Baálẹ̀.

Wọ́n fẹ́ gba ojúlówó sátífíkéètì mi pamọ́, wọ́n sì ní kí n sáìn bọ́ńdì, ìyẹn ìwé àdéhùn pé mi ò ní tètè kúrò.

Fọ́tòkọ́pì ni kó o fún wọn. Ojúlówó, wọ́n lè wò ó lójú ẹ, kí wọ́n sì dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń so sátífíkéètì òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀ ti mọ̀ pé òṣìṣẹ́ á fẹ́ sá. Bọ́ńdì, mú un délé, kà á, fi han ẹnì kan tó mọ òfin, wo iye tí wọ́n ní o máa san tó o bá kúrò àti bóyá wọ́n kọ ohun tí àwọn náà máa ṣe fún ẹ.

Owó ńkọ́? Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 75,000 ni tàwọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni pé òfin yẹn yọ ibi tí òṣìṣẹ́ ò pé 25 sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọsibítù kéékèèké bọ́ sí. Torí náà ohun tó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ẹ ló máa gbà ẹ́, rí i pé iye owó, wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi wà níbẹ̀. Gba owó ẹ sí àkáǹtì, kì í ṣe sọ́wọ́. Tí wọ́n bá ní àwọn máa gé owó tàmómítà tó fọ́ kúrò níbẹ̀, béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí mo fi gún péṣẹ́ntì gún mi lọ́wọ́.

Fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ, má tẹ ojú ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, má fi bleach sí i. Sọ fún ọ̀gá, kọ aago ẹ̀. Wádìí ipò HIV àti hepatitis B péṣẹ́ntì yẹn, kó o sì lọ gba PEP, oògùn tó ń dènà HIV, ní ọsibítù ìjọba lọ́jọ́ yẹn gan-an, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72, ọjọ́ 28 lo máa fi lò ó. Má dúró de èsì tẹ́ẹ̀sì kó o tó lọ. Hepatitis B ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ̀ẹ̀mẹta ni, ti àkọ́kọ́, ti lẹ́yìn oṣù kan, ti oṣù kẹfà. Tí o ò bá tíì gbà á, mi ò mọ ohun tó o ń dúró dè.

Péṣẹ́ntì kan kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò lè sùn.

Pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú.

Ìbéèrè kan náà lo máa ń bi ara ẹ lóru: ká ní mo tètè dé ibẹ̀ ńkọ́? Má dá nìkan wá ìdáhùn ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láago mẹ́ta òru. Wá nọ́ọ̀sì àgbà kan tàbí dókítà tó o fọkàn tán, kí ẹ jọ ṣí fáìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà míì wàá rí i pé àìsàn yẹn ti jìnnà kí wọ́n tó gbé e dé, pé ilé alágbo ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà míì wàá rí ohun kan tó yẹ kó yàtọ̀, kò sì ní jẹ́ ìwọ nìkan ló ni í: ọ́síjìn ti tán, dókítà ò gbé fóònù, ìwọ nìkan lo wà fún ọgbọ̀n èèyàn. Ìyẹn ni kí ẹ kọ, kí ọ̀gá kà á, kó má tún ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ní kó o gbàgbé ẹ̀ kò ràn ẹ́ lọ́wọ́, ẹni tó bá ní ìwọ lo pa á láì tíì ṣí fáìlì, kò ràn ẹ́ lọ́wọ́ rárá.

Ti òkú náà, ṣe é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó. Ìlú Mùsùlùmí púpọ̀ nìyí, ọ̀pọ̀ ẹbí á fẹ́ gbé e sin lọ́jọ́ yẹn, torí náà tètè bá wọn lé dókítà kó wá fọwọ́ sí ìwé. Tí àwọn ẹbí bá sunkún tó o bá wọn sunkún, kò sí ohun tó burú ńbẹ̀.

Àyà mi máa ń já tí ọjọ́ díútì bá ti kù díẹ̀. Ìyá mi ní ṣebí èmi ni mo ní mo fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì.

Àwọn ìyá wa ò rí inú wọ́ọ̀dù, aṣọ funfun yẹn ni wọ́n rí. Jẹun kó o tó lọ, má fi mínírà àti gálà gbé ọjọ́. Tó o bá ṣe òru, pa fóònù, fi aṣọ dúdú dí fèrèsé, sọ fún ará ilé pé o ò sí nílé. Wá nọ́ọ̀sì kan tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kan náà, kí ẹ máa bá ara yín sọ òótọ́.

Ṣùgbọ́n tí oorun bá ti dá pátápátá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ ò lọ, tí o bá ti ń rò ó pé ó sàn kí o kú, ìyẹn ti kúrò ní wàhálà iṣẹ́. Sọ fún ẹnì kan lónìí, kó tẹ̀lé ẹ lọ rí dókítà. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní Teaching Hospital níbí, nọ́ọ̀sì náà máa ń lọ síbẹ̀ gbàtọ́jú, kì í ṣe wèrè.

Ìgbà wo ni mo lè fi ibẹ̀ sílẹ̀?

Mètírọ́nì tó ń fajú ro kì í ṣe ìdí. Kí wọ́n ní kó o kọ irọ́ sínú fáìlì, ìdí ni. Kí kò sí dókítà kankan tó o lè pè lóru, ìdí ni. Kí ọ̀gá máa fọwọ́ pa ẹ́ lára, ìdí ni, má tiẹ̀ dúró dé ìparí oṣù. Tó o bá ti sọ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí ò tó lẹ́nu, tó o kọ ọ́, tí wọn ò sì ṣe nǹkankan lórí ẹ̀, ìwọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíì.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń ka ọjọ́ torí àtijápa. Nínú oṣù kejì ọdún 2024 ni Council gbé ìwé jáde pé ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn fọwọ́ sí ìwé òun fún òkè òkun gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún 2 lẹ́yìn tó gba láìsẹ́nsì, nọ́ọ̀sì sì ṣe ìwọ́de lórí ẹ̀ l'Ábújá àti l'Ékòó. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ fi ṣe pàtàkì, ọdún tí kò bá sí lórí ìwé ò sí níbì kankan. Má bínú jáde lọ́jọ́ kan, fún wọn ní nótíìsì bó ṣe wà nínú lẹ́tà ẹ, gba ìwé ẹ̀rí pé o ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láìsẹ́nsì náà, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n á sì béèrè ìwé MCPDP, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa lọ lẹ́nu iṣẹ́, má jẹ́ kó kú sí ẹ lọ́wọ́.

Kí ni kí n máa gbé sínú báàgì?

Oúnjẹ tí kò ní bàjẹ́, omi, aago ọwọ́ tó ní ọ̀pá ìṣẹ́jú àáyá, tọ́ọ̀ṣì torí NEPA, glọ́ọ̀fù tìẹ, sánítáísà, ìwé pélébé, slípáàsì tí kò ní yọ̀, páàdì, ṣáájà, àti bíró tó pọ̀ díẹ̀, torí dókítà tó bá yá ẹyọ kan lọ́wọ́ ẹ ti mú un lọ nìyẹn.